Odó Òfìfo Ìyá Onísélí

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ kan ń gbá irin mọ́ orúnkún.

A ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Onísélí tán ní ilé wa ní Sabon Gari, Zaria. Àwọn àlùfáà ti jẹun, wọ́n ti súre, wọ́n ti lọ. Ẹbí rẹ̀ àti àwa ará ilé tí wọ́n bí sínú agboolé náà ló kù lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín agboolé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé gbé fóònù lé orí àga, ohùn ìyá náà sì ń tinú rẹ̀ jáde, wákà tó ti kọ láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì jọba. Ẹ mọ sélí, àbí? Irin pẹlẹbẹ méjì ni, òrùka wẹ́wẹ́ yí etí wọn ká, oníwákà á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá wọn mọ́ra. Ìyá Onísélí kì í gbá tirẹ̀ mọ́ra. Irin kan ṣoṣo ló máa ń mú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá a mọ́ orúnkún, ọwọ́ òsì á ká mọ́ àyà bí apá adìyẹ tí òjò pa. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìdérí ìkòkò ni wọ́n fi ṣe sélí, ọwọ́ òsì gbogbo wọn ká. Wọ́n ní sítáì ìyá àgbà ni. Wọ́n ní ó ti gba orí fóònù kan, pé àwọn ọ̀dọ́ olórin ní Ìlọrin pàápàá ti ń ká apá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Lẹ́yìn náà nǹkan mìíràn fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ní, "Egungun tó kán lẹ ń jó yẹn."

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, kì í ṣe nítorí ijó àwọn ọmọ nìkan ni mo ṣe la ẹnu mi. Bàsírá wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ìyá Onísélí ni òun náà, ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Hayin Dogo, nítòsí yunifásítì. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú awò dúdú lójú, ìbáà jẹ́ inú yàrá, ìbáà jẹ́ inú òjò. Ó ní òun yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ ni. Mo ti ń wẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ilé ìwẹ̀ tó ń fi ojú ìka sílẹ̀ lọ́rùn ènìyàn.

Múfú, ọkọ rẹ̀, ti dé láti àárọ̀ láti wá mú un lọ. Bí ẹ bá rí Múfú, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló ń tún fóònù gbogbo ẹbí ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló kó àga àti àtíbàbà wá fún àdúrà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi títí aṣọ rẹ̀ fi kó eruku. Alhaji, àkọ́bí Ìyá Onísélí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Bàsírá, ti pe àwọn méjèèjì sínú yàrá. Ó bá Múfú ṣàwàdà, ó bá Bàsírá wí. Ó ní ilé ọkọ nilé obìnrin, kó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ bí a bá ti kí ìrun Alásàrí tán. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà sì ń wo báàgì yẹn bí ẹran ṣe ń wo ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Odó àtijọ́ kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gún nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n dojú rẹ̀ dé lábẹ́ máńgòrò, ó ti di àpótí ìjókòó. Orí rẹ̀ ni Múfú jókòó sí, ó ń tẹ fóònù. Mo wo odó, mo wo ọkọ, mo wo awò dúdú. Mo ní kí àwọn ọmọ pa orin kí wọ́n jókòó. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí.

Mo ní, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa àgbà pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Ó dùn lóòótọ́. Ẹ kàn ò bi wá léèrè ibi tí oyin ti ta wá ni. Ìgbájú ni wọ́n fi ń jí wa kí wọ́n tó kí wa káàárọ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo ojúlé wa ń pọn, kí omi sì tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti jáde nímú ẹnìkan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń ponmi yìí, ohun ìjà ni lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó télọ̀ kò ní etí ọ̀tún tó pé. Bí àlejò bá béèrè, a ó ní ẹ̀rọ omi ló jẹ ẹ́. Nílé ìwé, bùlálà ni tíṣà fi ń kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ̀yìn wa ló sì fi ṣe pátákó. Bí o bá délé sọ pé tíṣà nà ọ́, bàbá rẹ á fi tirẹ̀ kún un kí ó má baà dà bíi pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́.

Ìjà náà ni fàájì wa. Nígbà Iléyá, a kì í pa àgbò láìjẹ́ pé a ti mú un bá àgbò ojúlé kejì jà, ìwo á máa ró bí àáké lára igi. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn ọmọ alápatà á pagbo ní gbangba, wọ́n á fi okùn di ọwọ́ kan gírígírí, wọ́n á máa ja dambe, wọn á gbá ara wọn títí ẹnìkan á fi kanlẹ̀. Télọ̀ ilé wa wọ agbo náà lọ́dún kan. Ó ní Hausa kò lè dẹ́rù ba òun. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ó sì dìde, ó ń sọ Hausa tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Múfú náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Kai," ó sì tún gbé ojú padà sí fóònù rẹ̀.

Mo ní, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi ń ṣàárò jù ni ìró odó. Kò sí bílẹ́ńdà nígbà náà, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú bí kìnnìún tó ní ikọ́. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, odó á bẹ̀rẹ̀. Etí la fi ń mọ ohun tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Iyán máa ń sọ pé *gbì, gbì*, ohùn rẹ̀ á máa nípọn bó ṣe ń jiná sọ́wọ́. Gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni ti jéró fún tùwó, wẹ́wẹ́ ni ti ata gbígbẹ, ikọ́ olóhun ló sì máa ń tẹ̀lé e. Ó wá ku ìró kan tí a kì í fẹ́ gbọ́, igi lórí igi, kò sí nǹkan láàárín wọn: *kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ*. Odó òfìfo nìyẹn. Níbòmíràn, èèwọ̀ ni kí obìnrin gún odó òfìfo. Nílé wa, èèwọ̀ ni kí ó máa gún un láìnídìí.

Ìdí rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wọlé tọkọtaya nígbà náà bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn. Ọkọ lè máa lu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lu ẹ̀wà jáde nínú èèpo, ará ilé á ní ọ̀rọ̀ àárín wọn ni. Àwọn obìnrin ilé wa ló wá ọgbọ́n dá sí i. Bí igbe bá ti pọ̀ jù, ọ̀kan á da ohun tó wà nínú odó rẹ̀ sí abọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gún òfìfo. Èkejì á gbè é. Kí ó tó pẹ́, gbogbo ojúlé á ti máa gún afẹ́fẹ́. Ọkọ á gbọ́, ojú á tì í, á jáwọ́, á jáde wá máa wá ohun tí kò sọ nù. Bí kò bá jáwọ́, àwọn obìnrin á gbé ọmọ odó lé èjìká, wọ́n á lọ kí i nínú yàrá. Kí ẹ má ṣe bi mí bí wọ́n ṣe ń kí i.

Ó ní ìyàwó tuntun kan tí a kò tíì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún. Wọ́n ra odó fún un, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa, ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ó gún un lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ dùn mọ́ ọn, ó ń gún un lọ. Hajiya Kande ló kọ́kọ́ dé. Ìyàwó Hausa ni, ojúlé tó dojú kọ tiwa ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó jáde lọ ọjà tàbí òde. Odó òfìfo nìkan ló ń mú un jáde. Ó fi ọmọ odó ti ilẹ̀kùn wa, ó ní, "Ina mijin?" Ọkọ náà dà? Àwọn yòókù ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ti fa ọkọ ìyàwó jáde, ṣòkòtò rẹ̀ wà ní kókósẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lù ú tán ni wọ́n tó ráyè bi ìyàwó ohun tó ṣe. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n se ẹyẹlé fún un, wọ́n sì sọ fún un pé bó bá di ọjọ́ iwájú, kó ka èyí sí àsansílẹ̀. Títí ọkùnrin náà fi kú, kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀, kódà kò gbé e sókè lé eṣinṣin.

Àwọn ọmọ yí lulẹ̀. Bàsírá pàápàá, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì yára fọwọ́ bò ó, nítorí ètè rẹ̀ tó ti là ṣì ń dùn ún. Mo jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán pátápátá. Ẹ̀rín ni èèpo ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ ká wọ inú rẹ̀.

Mo ní, ìyá àgbà yín ń kọ wákà níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìyàwó, nígbà tí àwọn alálàájì bá ti Mẹ́kà dé. Ìyẹn lẹ ń gbọ́ nínú fóònù. Èyí tí kò sí nínú fóònù ni orin òwe. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: a kì í dárúkọ. A lè sọ ti ewúrẹ́, a lè sọ ti àgbọn, a lè sọ ti òkúta. A ó kọ ọ́ ní gbangba, kálukú á gbọ́, a ó sì máa wojú. Ẹni tó bá dáhùn ló ni ín. Mo rí ìyálé kan tó ti inú oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ jáde wá dáhùn orin tí wọ́n kọ fún ará Kano.

Ó ní ọkùnrin kan nílé wa, káfíńtà ni, Bàbá Káfíńtà náà la ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni. Òun ló kan bẹ́ẹ̀dì gbogbo ìyàwó tó wọ ilé náà. Ìlẹ̀kùn ta ni kò tún ṣe? Àpótí òkú àwọn onígbàgbọ́ ilé wa, ọ̀fẹ́ ló ń kan án. Òun náà ló ń gbé Ìyá Onísélí ga jù lọ: bó bá bímọ, kò ní pe olórin mìíràn, ìyá yín á sì kì í títí irun orí rẹ̀ á fi dìde. Ọkùnrin yìí ló ń lu ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tọ́yìbù. Kì í fi ọwọ́ lù ú; ó ní ọwọ́ òun ni iṣẹ́ òun. Pákó ló fi ń lù ú.

Odó ń kọ́? Odó ò dún. Ta ló fẹ́ gún odó òfìfo sí ẹni tó kan bẹ́ẹ̀dì tí òun ń sùn lé? Bí obìnrin náà bá ti ń ké, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́ tó ti ṣà tán. Ìyàwó télọ̀ á tún àwo fọ̀. Àwọn ọkùnrin á wà lórí ẹní, wọ́n á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà yín náà á kàn gbé ohùn orin rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ó má baà gbọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Àwa ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, a ń sùn dáadáa.

"Bíi ti ìsinsìnyí," ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà wí.

Mo ní ti ìsinsìnyí dára ju tiwa lọ. Nísinsìnyí ẹ ní fẹ́ńsì tó ga ju igi lọ, ẹ ní tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnìkan bá ń ké lójúlé kejì, ẹ ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Bí wọ́n bá bi yín lọ́la, ẹ ó ní ẹ rò pé fíìmù ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ayálégbé ilé Múfú ní Hayin Dogo ṣe sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn kún ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ. Èmi náà ń pa òfin mọ́. Mo kàn rí i pé Múfú ti pa iná fóònù rẹ̀, ó sì fi í sápò.

Mo ní, ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, àwọn ọkùnrin ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Ìyá àgbà yín ń gún iyán lábẹ́ máńgòrò yìí, nínú odó yìí náà. Pákó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ bí pákó ṣe ń ba ẹran ara ènìyàn rí, ẹ kò ní fẹ́ jẹ iyán mọ́: *pàá*, bí aṣọ tútù tí wọ́n là mọ́ òkúta. Lójijì, ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Tọ́yìbù já jáde láìní ìborùn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú. Kò mọ ibi tó ń sá lọ. Ọkọ rẹ̀ bá a láàárín agboolé, ó gbá a ní pákó lẹ́yìn ọrùn, obìnrin náà sì fi ẹnu lulẹ̀ sí etí odó Ìyá Onísélí. Ó ró, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà fi irun orí wọ́ ọ padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò yára. Ó kí wa pé ẹ kú ọ̀sán.

Ìyá àgbà yín wo inú odó rẹ̀. Iyán náà ti di pupa lápá kan, eyín kan sì wà nínú rẹ̀, eyín iwájú, funfun báláú.

Ó fi ọwọ́ kó iyán náà jáde, ó dà á sílẹ̀ fún adìyẹ. Ó mú eyín náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó fi etí ìró kejì nu inú odó títí ó fi mọ́. Ó gbé ọmọ odó sókè. *Kọ̀ǹ.* Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀fọ́ dúró. *Kọ̀ǹ.* Ó bẹ̀rẹ̀ orin lórí rẹ̀, ohùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

Ewúrẹ́ kan ń ké nílé wa,
Ẹ ní ẹ ò gbọ́, ẹ̀ ń ṣa ẹ̀fọ́.
Ewúrẹ́ kan ń sunkún ẹ̀jẹ̀,
Ẹ ní ẹ ò gbọ́, ẹ̀ ń fọ àwo.
Bí ẹ ò bá gbọ́ tewúrẹ́,
Ẹ ó gbọ́ todó.

Ṣé ẹ gbọ́ orin náà dáadáa? Kò sí káfíńtà nínú rẹ̀, kò sí pákó, kò sí ọkọ. Àwa ló ń bá wí. Àwa tí a di etí. Ìyá mi mọ̀, ojú tì í, ó gbé odó tirẹ̀ jáde. Ìyàwó télọ̀ gbé tirẹ̀. Odó ń dún káàkiri, ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ wa. Ilẹ̀kùn káfíńtà ṣí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákó lọ́wọ́, ó ń làágùn, ó sì wí lóhùn rara pé:

"Ta lẹ ń bá wí?"

Ìyá àgbà yín ń kọrin lọ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ bá a nídìí odó. Ó ní ṣé òun lò ń bá wí, ìwọ tí mò ń bọ́. Ìyá ń kọrin lọ. Ó gbé pákó sókè. Ìyá yín gbé ọwọ́ òsì bo orí, pákó sì bọ́ sórí apá náà. Ẹ ti ṣẹ́ igi ìdáná tó gbẹ rí. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ kì í ti í tẹ̀. Ọmọ odó jábọ́.

Orin kò jábọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ jókòó. Sélí rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú irin kan. Èkejì ń kọ́, ta ni yóò bá a mú un? Ó gbá irin náà mọ́ orúnkún ara rẹ̀. *Ṣàn.* Ewúrẹ́ kan ń ké nílé wa. *Ṣàn.* Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò mì.

Nígbà náà ni odó dákẹ́, tí àwọn ọmọ odó sì gbéra. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ lù ú. Ìyá mi sọ pé òun ni. Ìyá gbogbo ọmọ tó dàgbà nílé náà ló sọ pé òun ni. Wọ́n lù ú títí pákó ọwọ́ rẹ̀ fi di ohun tó fi ń tọrọ àánú. Ó já, ó sáré gba inú ọjà lọ sí ọ̀nà PZ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, àwọn ọlọ́jà sì rò pé olè ni, wọ́n fi tiwọn kún un. Hajiya Kande ló lé e jìnnà jù. Gbogbo ọdún tí kò ti jáde ló fi sáré lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí káfíńtà padà wá pẹ̀lú aṣọ wíwé lórí, bàbá onílé pè é síwájú gbogbo wa, ó ní kó ro ẹjọ́ rẹ̀. Káfíńtà ní Ìyá Onísélí fi orin bú òun. Bàbá onílé bi í bóyá orin náà dárúkọ rẹ̀. Ó ní rárá. Bàbá ní ṣé ìwọ ni wọ́n pè ní ewúrẹ́? Ó ní rárá. Bàbá onílé ní, "Kí ló dé tí o fi dáhùn?"

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀. Ìyá Tọ́yìbù kò kúrò. Ọ̀dọ̀ wa ló gbé títí ó fi kú, pẹ̀lú àlàfo nínú ẹ̀rín rẹ̀. Ẹni tí ń to eegun to apá ìyá yín, kò tò ó dáadáa, ó jinná ní kíká. Àwọn ọkùnrin kò pè é sóde fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní olórin tó ń lé ọkọ jáde ni. Kúlíkúlí ló ń tà tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan po ẹ̀pà, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ kejì di abọ́ mú. Àwọn obìnrin ló padà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá irin mọ́ orúnkún nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin wá ní sítáì.

Ibẹ̀ ni mo parí ìtàn náà sí. Àwọn ọmọ ń wo ìdérí ìkòkò ọwọ́ wọn bí ẹni pé ó ti gbóná. Alhaji, tó ti ń hu irùngbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, tó wà níbẹ̀ nígbà tí apá ìyá rẹ̀ kán, ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Múfú wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ta lẹ ń bá wí?"

Ewé máńgòrò kan já. Mo ní, "Ìtàn ni mo ń sọ, Múfú. Mo dárúkọ ẹnìkan bí?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹni bá a gbè é.

Bàsírá dìde. Ó yọ awò dúdú náà, ó fi lé ọmọ kan lọ́wọ́. Ojú náà ti wú dé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbá tó ti rà. Ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó sì wí fún un bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ dìde. Orí odó lẹ jókòó lé."

Múfú wo Alhaji. Mo bẹ̀rù ohun tí Alhaji máa sọ, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ó gbé orí sókè.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" Alhaji wí. "A kì í jókòó lórí odó."

Múfú dìde. Bàsírá àti àǹtí rẹ̀ kan yí odó náà padà, ẹnu rẹ̀ yà sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, ọ̀kùn méjì jáde nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ odó nílé mọ́, àfi èyí tí wọ́n fi ń gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ró. Àǹtí náà lọ fà á yọ, ilẹ̀kùn sì wó. Bàsírá gbà á. Kò gún nǹkan rí láyé rẹ̀, ọmọ bílẹ́ńdà ni, ó dì í mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú. Ó gbé e sókè.

*Kọ̀ǹ.*

Ẹnìkan gbá ṣíbí mọ́ kúlà ìrẹsì. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdérí ìkòkò mọ́ra wọn, ọwọ́ òsì wọn sì ti nà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Múfú. Alùpùpù rẹ̀ ló wá, ó sì gùn ún lọ ní òun nìkan, láìdúró kírun. Alhaji fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì ẹnu ọ̀nà padà wọlé.

Odó kò dákẹ́. Àwọn aládùúgbò ń yọ orí lójú fẹ́ńsì, wọ́n ń bi wá ohun tí a ń gún. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kò béèrè. Ó ti la títì kọjá, ó ti wọ géètì, ó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ odó rẹ̀ ló fi ń ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Hajiya Kande dúró láàárín agboolé, ó gbé ọmọ odó náà kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ina mijin?"